Owó Ọkọ̀ Èéfín

Àgbá àtijọ́, èyí tí a ti tà fún alágbẹ̀dẹ,
àpà ni, mi ò purọ́ mọ́ ọn.
Ọmọlanke igi mẹ́ta ló ń jẹ lójúmọ́
kó tó fi ooru omi rọ èèpo kajú àpò mẹ́wàá.
Ooru tó ń gba orí òrùlé lọ
lè yan àgbàdo fún gbogbo Sábẹ̀ẹ́.
Àwòdì mọ ibẹ̀: wọ́n á tẹ́ apá lé e,
wọ́n á máa yí lókè, wọn ò ní lu apá rárá.

Ọ̀gá wa mú tuntun dé lóṣù Ọ̀wàrà.
Ahun ni.
Ìfun mẹ́rìndínlógún ló wà nínú rẹ̀.
Iná á gbé agbádá wọlé, á máa bọ́ aṣọ lọ:
omi á gba dàńṣíkí, irin á gba fìlà,
nígbà tí èéfín yóò fi kan ẹnu ọ̀nà
kò ní ku nǹkan lára rẹ̀ ju ìbàǹtẹ́ lọ.
Ọmọlanke kan péré. Ọ̀gá ń rẹ́rìn-ín.
Èmi tí mò ń ṣọ́ iná lóru, mo rí oorun sùn.

Àfi ìgbà tí ọyẹ́ dé láti ẹ̀yìn òkè,
tí ògiri funfun bẹ̀rẹ̀ sí sunkún dúdú.
Òjò ò tíì rọ̀ láti ọdún Gbogbo Ẹni Mímọ́.
Ìyá Kolẹ́tì, tó ń ṣa kajú ní tábìlì kẹta,
fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò, ó tutọ́:
“Ó korò bí agbo. Ilé yìí ń ṣàìsàn.”
Omi ọ̀dà ń yọ́ bọ̀ lójú ìsopọ̀ irin,
tó, tó, tó, lórí àpò tí a ti rán fún Kútọnu.

Wọ́n pe Ṣabí Àfúdá, ajórinmọ́rin.
Kò mú òǹdíwọ̀n kankan wá,
àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ ló fi ń wọn nǹkan.
Ó di ìdí ọ̀pá mú: “Ó lọ́ wọ́ọ́rọ́.”
Ó gun àkàbà dé orí páànù, ó di orí rẹ̀ mú,
ó ké sísàlẹ̀: “Imú ajá!”

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó bu omi mu, ó ní:
“Igi ti mu omi títí kí ẹ tó gé e.
Omi náà wà nínú èéfín, ojú yín ni ò rí i.
Mítà mẹ́jọ ni ìrìn rẹ̀, nínú ọyẹ́.
Ẹ gba gbogbo ohun tó wà lápò rẹ̀,
ẹ wá ní kó máa lọ. Kí ló fẹ́ fi wọkọ̀?
Bí òtútù bá mú un lágbedeméjì,
á jókòó ti irin, á di omi,
á padà wá bá yín tòun ti màjàlà lọ́rùn.”

Ọ̀gá ní: “Ṣé kí n tún máa jó igi dànù ni?”
“Rárá o. Díẹ̀. Iye tí yóò gbé e dé ìta.”

Mo wolẹ̀. Mi ò mọ ohun tó mú mi rántí Sílífíà,
àbúrò mi, tó ti Kétu wá lọ́dún èṣí,
tó fọ ilé, tó pọn ọmọ, oṣù mẹ́ta gbáko.
Ọjọ́ tó ń lọ, mo ní “Ọlọ́run á sìn ọ́ lọ,” mo wọlé.
Wọ́n rí i ní ibùdókọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú,
ó jókòó lórí ẹrù rẹ̀.
Kò sẹ́ni tó sọ fún mi pé ó sunkún.

Ọjọ́ méjì ni iṣẹ́ náà gbà.
A ki ọ̀pá kékeré bọ inú ńlá,
a fi eérú gbígbẹ dí àárín wọn
bí ẹni ń fi aṣọ wé ọmọ inú ọyẹ́.
A dí méjì nínú ìfun ahun.
Igi àyín tó ti gbẹ láti èṣí nìkan là ń kó sí i,
ọmọlanke kan àti àbọ̀.
Ọ̀gá ò rẹ́rìn-ín mọ́, kò sì bínú.

Ní ìdájí òní mo jáde lọ wò ó.
Èéfín dìde tààrà, tín-ín-rín, kò wẹ̀yìn,
ó kọjá orí òkè. Kò sí àwòdì kankan,
ooru ọ̀hún ò tó wọn.
Nísàlẹ̀, ìsopọ̀ kan ṣì ń jò.
Mo gbé agolo mílíìkì sí i.
Mo ka owó àpò mi lẹ́ẹ̀mejì,
mo jókòó dúró de ẹni tó ń báni fowó ránṣẹ́ sí Kétu,
kó ṣílẹ̀kùn.